Kọ̀ǹpútà Géèmù Lówó Pọ́ọ́kú: Ohun Tí Àṣìṣe Mi Kọ́ Mi

Láti ìgbà tí àwọn ará họ́sítẹ́ẹ̀lì ti rí kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì mi ni wọ́n ti ń bi mí ní ìbéèrè méjì: "Èló lo rà á? Ibo lo ti rà á?" Ìbéèrè méjèèjì dára, àmọ́ àwọn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èmi fi wọ́n ṣáájú nígbà kan, owó sì bómi lọ. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ kọ síbí, kí ojú ẹlòmíràn má baà rí i.

Owó tó bómi lọ

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta, àǹtí mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó fi owó ránṣẹ́ sí mi pé kí n fi ra kọ̀ǹpútà tí n ó fi ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi. Oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fi dá àjọ kí owó náà tó pé. Inú mi dùn, àmọ́ kí n má parọ́, géèmù ló wà lọ́kàn mi. Mo ti ní ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan tí àbúrò bàbá mi fún mi. Mo rò ó pé bí mo bá ra káàdì àwòrán, ìyẹn ohun tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní graphics card, sínú rẹ̀, géèmù á ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ilé-ìwé náà á ṣiṣẹ́, owó á sì tún ṣẹ́kù.

Mo rí ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta GTX 1050 Ti ní ìdajì iye tí àwọn yòókù ń tà á. Mo fi owó ránṣẹ́, ó sì fi káàdì náà rán awakọ̀ èrò kan sí mi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kì í bọ inú kọ̀ǹpútà, mo tàn án, GTX 1050 Ti ló hàn. Mo fò sókè. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ṣí géèmù báyìí, ojú kọ̀ǹpútà ṣú, ó sì kú. Mo tún un gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́rin, bákan náà ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ wa GPU-Z, ètò ọ̀fẹ́ kékeré kan tó ń sọ ohun tó wà nínú káàdì gan-an. Ó kọ FAKE sí iwájú orúkọ náà. Káàdì ayé ọdún 2010 ni wọ́n fi orúkọ tuntun bò lójú. Mo pe nọ́ńbà ẹni tó tà á fún mi, kò wọlé mọ́.

Ìdá kan nínú mẹ́rin owó àjọ àǹtí mi ló lọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni oúnjẹ kò fi lọ lọ́nà ọ̀fun mi kí n tó lè pè wọ́n. Wọn kò pariwo. Wọ́n dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní: "Mo ti gbọ́. Owó tó kù lọ́wọ́ ẹ yẹn, má fi ra nǹkan kan títí wàá fi ṣàlàyé ohun tó o fẹ́ rà fún Màmá, lédè tí Màmá máa gbọ́. Kí Màmá náà wá ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Tó bá ti yé wọn, á jẹ́ pé ó yé ẹ nìyẹn."

Oṣù méjì ni mo fi kàwé, tí mo fi wo fídíò, tí mo sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Àlàyé tí mo ṣe fún Màmá nìyí.

Kọ̀ǹpútà dà bí ibi tí a ti ń ṣe gàrí

Gàrí ni Màmá ń ṣe tà, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, ẹnì kan wà tó mọ gbogbo ètò: ó mọ iye ẹ̀gẹ́ tó wọlé, ó mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n lọ̀ ọ́, ó mọ oníbàárà tó jẹ gbèsè. Ẹni yẹn ni processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ó gbọ́n, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn obìnrin tó jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká tí wọ́n ń bó o ni káàdì àwòrán. Iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe kò ta kókó, ó kàn pọ̀ ni, ọwọ́ púpọ̀ ló sì ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wo bí iṣẹ́ yẹn ti pọ̀ tó. Ojú kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ jù ní àmì tíntìntín 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,073,600. Bí géèmù bá ń pààrọ̀ àwòrán nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àmì tó lé ní mílíọ̀nù 124 ni wọ́n ní láti kùn kí ìṣẹ́jú àáyá náà tó parí. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà nìkan kò lè bó ẹ̀gẹ́ yẹn tán. Ìdí tí géèmù fi nílò káàdì àwòrán nìyẹn, tí iṣẹ́ títẹ̀wé kò sì nílò rẹ̀.

RAM ni pẹpẹ tí wọ́n ń kó ohun tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ lé. SSD ni yàrá tí wọ́n ń kó àpò gàrí pamọ́ sí. Power supply, àpótí tó ń pín iná, ni ẹni tó ń pín oúnjẹ fún gbogbo òṣìṣẹ́. Bí oúnjẹ kò bá kárí, iṣẹ́ á dúró. Màmá rẹ́rìn-ín níbi tí mo dé yìí, wọ́n ní: "Ẹni tó ń pín oúnjẹ ni kó o kọ́kọ́ lọ bá." Mi ò tíì gbọ́ ìmọ̀ràn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa kọ̀ǹpútà géèmù.

Kọ́kọ́ mọ géèmù rẹ àti ojú tí o fi ń wò ó

Kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ kọ géèmù mẹ́ta tí ẹ ń ṣe jù sórí ìwé. Ẹni tó ń ṣe Counter-Strike 2, tó jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2023, tàbí Valorant, tàbí GTA V tó dé orí kọ̀ǹpútà ní 2015, kò nílò ohun tí ẹni tó fẹ́ ṣe géèmù tó jáde lánàá nílò. Bí àwọn géèmù yín bá jẹ́ irú èyí, owó kékeré á tó o.

Ojú kọ̀ǹpútà ló tẹ̀ lé e. Èyí tí wọ́n ń pè ní 4K ní àmì 3840 sí 2160, ìlọ́po mẹ́rin ti 1920 sí 1080. Ẹni tó bá ra mọ́nítọ̀ 4K ti fi ẹ̀gẹ́ kún òkìtì lọ́nà mẹ́rin, ó sì gbọ́dọ̀ ra káàdì tó lè bó o. Àwọn mọ́nítọ̀ àtijọ́ tó jẹ́ 1366 sí 768 ní àmì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta, nǹkan bí ìdajì. Bí owó bá há gan-an, mọ́nítọ̀ kékeré máa ń jẹ́ kí káàdì kékeré ṣe bí ọkùnrin. Èmi ra tòkunbọ̀ 1920 sí 1080.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni àṣírí ibẹ̀

Láàpútọ́ọ̀pù géèmù tuntun kọjá agbára mi. Kíkó ẹ̀yà tuntun jọ lọ́kọ̀ọ̀kan náà kọjá agbára mi. Ohun tó wà ní àrọ́wọ́tó ni kọ̀ǹpútà àgbélékalẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ní òkè òkun ti lò fún ọdún mélòó kan, tí wọ́n pààrọ̀, tó wá di tòkunbọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà àti ní àwọn ìsọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri ìlú wa. Irin rẹ̀ le, ọ́fíìsì tó ní fáànù ló ti lo ìgbésí ayé rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì fi ṣe géèmù rí.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára o. Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kò sì tẹ́wọ́ gba ọ̀pọ̀ jù lọ processor Intel Core tó ṣáájú ìran kẹjọ. Nítorí náà ni àwọn kọ̀ǹpútà ìran kẹrin àti ìkẹfà fi pọ̀ lọ́jà, tí owó wọn sì rẹlẹ̀. Ẹni tó ń ṣe Valorant ní láti ṣọ́ra níbí, nítorí lórí Windows 11, géèmù náà kò ní ṣí bí TPM 2.0 àti Secure Boot kò bá sí ní títàn. Èmi wá ìran kẹjọ: Core i5-8500, tó jáde ní 2018, tó ní ọwọ́ mẹ́fà. Ẹ ó rí irú rẹ̀ nínú Dell OptiPlex 5060 àti 7060, HP EliteDesk 800 G4, àti Lenovo ThinkCentre M720.

Ẹ wo bí àpótí rẹ̀ ṣe tóbi sí. Èyí tó kéré bí ìwé àkàgbádùn kò ní àyè fún káàdì rárá, bó ti wù kó rẹwà tó. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gba káàdì kúkúrú tí wọ́n ń pè ní low profile nìkan. Èyí tó ga bí ilé ló ń gba káàdì tó ga dáadáa. Bí ẹ bá rí èyí tó ga, òun ni kí ẹ mú.

Ẹni tó ń pín oúnjẹ: òfin wáàtì 75

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀ nìyí. Power supply inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kéré, ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín wáàtì 180 sí 260. A kò sì lè fi èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà pààrọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹnu wáyà tí Dell, HP àti Lenovo ń lò sábà máa ń yàtọ̀ sí tàwọn tó kù. Ṣùgbọ́n ihò gígùn tí a ń ki káàdì bọ̀ lórí motherboard lè fún káàdì ní iná tó tó wáàtì 75 láìsí wáyà kankan. Káàdì tó bá ń jẹ wáàtì 75 tàbí kó dín á jẹun yó níbẹ̀. Káàdì tó bá ní ihò wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń sọ fún yín pé oúnjẹ yẹn kò tó òun.

GTX 1050 Ti tó jáde ní 2016 àti GTX 1650 tó jáde ní 2019 ni wọ́n mọ̀ jù nínú àwọn tó wà lábẹ́ òfin yìí. Méjèèjì jẹ́ wáàtì 75, wọ́n sì ní mẹ́mórì 4GB. Ẹ ṣọ́ra, àwọn kan wà nínú méjèèjì tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ihò wáyà, nítorí náà ojú ni kí ẹ fi wo ẹ̀gbẹ́ káàdì, kì í ṣe orúkọ nìkan. Èmi mú 1650. Yàtọ̀ sí pé ó lágbára jù, Nvidia ti dáwọ́ ètò tuntun tí wọ́n ń ṣe fún géèmù lórí àwọn káàdì ìran GTX 10 dúró láti oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ààbò nìkan ni wọ́n ṣì ń tún ṣe fún wọn.

Ọlọ́jà kan fẹ́ tà mí ní RX 580. Ó lágbára ju 1650 lọ, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́. Mo bi í pé wáàtì mélòó ni. Káàdì yẹn ń jẹ tó wáàtì 185, ó sì nílò wáyà alẹ́nu mẹ́jọ. Ká ní mo gbé e lé ẹni tó ń pín oúnjẹ tèmi lórí ni, ebi ni ìbá pa gbogbo ilé. Ọ̀pọ̀ irú káàdì bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ti fi wa owó Ethereum tọ̀sán-tòru kí iṣẹ́ náà tó dópin ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Kì í ṣe pé kò lè ṣiṣẹ́, àmọ́ fáànù rẹ̀ ti sáré púpọ̀.

Pẹpẹ àti yàrá ìkẹ́rùsí

RAM 8GB kò tó mọ́ fún ọ̀pọ̀ géèmù, 16GB ni kí ẹ lé. 8GB méjì sàn ju 16GB ẹyọ kan lọ, nítorí ọpọlọ kọ̀ǹpútà á máa gba ẹnu ọ̀nà méjì kó ẹrù dípò ẹyọ kan. Kọ̀ǹpútà tí mo rà ní 8GB ẹyọ kan, mo wá èkejì tó bá a mu, mo fi kún un.

SSD ni kí Windows àti géèmù tí ẹ ń ṣe jù wà lórí rẹ̀. Ẹ rántí pé géèmù òde òní wúwo: Counter-Strike 2 ń béèrè àyè 85GB, GTA V sì ń béèrè ohun tó lé ní 100GB. Ẹni tó ra SSD 256GB á máa pa ọ̀kan rẹ́ kó tó lè wa òmíràn, dátà wa kò sì gba irú ìyẹn. Nítorí náà, mo ra hard disk àtijọ́ kan tí mo ń kó géèmù tí n kò ṣe lọ́wọ́ sí. Bí mo bá fẹ́ ṣe é, mo kàn ń dà á kọ padà sórí SSD ni.

Iná ọba

Kọ̀ǹpútà mi lódindi, pẹ̀lú mọ́nítọ̀, ń lo nǹkan bí wáàtì 200 tàbí kó dín nígbà tí géèmù bá le gan-an. Káàdì RTX 4090 nìkan jẹ́ wáàtì 450. Ẹ ó rí i pé ẹni tó ń ra kọ̀ǹpútà nílùú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ fi owó epo jẹnẹrétọ̀ kún owó káàdì. Kọ̀ǹpútà kékeré ni jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé.

Ẹ má fi kọ̀ǹpútà sínú iná láìsí UPS. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà ara rẹ̀ tàn yín jẹ: UPS 650VA kì í ṣe wáàtì 650, ó sábà máa ń wà láàárín 360 sí 390. Kì í ṣe kí ẹ fi máa ṣe géèmù lọ lẹ́yìn tí iná bá lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fún yín ní ìṣẹ́jú mélòó kan láti tọ́jú iṣẹ́ yín kí ẹ sì pa kọ̀ǹpútà bó ti yẹ.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ibi tí mo ti ṣubú nìyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kà á lẹ́sẹẹsẹ.

Àkọ́kọ́, ẹ má ra káàdì tí ẹ kò rí níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ yín lọ, ẹ sì mú ẹnì kan dání.

Èkejì, ẹ wo ẹ̀yìn káàdì. Bí ẹ bá rí ihò VGA aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn ohun tí wọ́n ń pè ní GTX 1050 Ti tàbí 1650, ẹ fura. Nvidia ti yọ VGA kúrò nínú àwọn ìran wọ̀nyẹn. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ní i, mi ò kàn mọ̀ pé ẹ̀rí nìyẹn ni.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbé GPU-Z lọ lórí flash. Kò nílò kí a fi í sórí kọ̀ǹpútà kó tó ṣiṣẹ́. Bó bá kọ FAKE, ẹ kí ọlọ́jà pé ó dàárọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi FurMark tàbí géèmù gidi dán káàdì wò fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Káàdì ayédèrú tàbí èyí tó ti rẹ̀ kì í sábà fara dà á. Ẹ wo bó ṣe ń gbóná, ẹ fetí sí fáànù.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi CrystalDiskInfo wo ìlera SSD àti hard disk. Bó bá ti kọ Caution tàbí Bad, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ara kọ̀ǹpútà náà sí, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà síbẹ̀. Ọlọ́jà tó bá kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ dán ọjà wò ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Bí mo ṣe pín owó

Mi ò ní kọ iye náírà, nítorí ohun tí mo bá kọ lónìí lè ti yí padà kí ẹ tó kà á. Ìpín rẹ̀ ni mo lè sọ. Nínú gbogbo 100 náírà tí mo ná, 38 lọ sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, 30 lọ sórí káàdì, 14 sórí mọ́nítọ̀, 10 sórí UPS, 8 tó kù sórí RAM àti hard disk. Owó tí mo rí níbi títẹ iṣẹ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni mo fi dí àlàfo tí káàdì ayédèrú yẹn dá sílẹ̀.

Bí owó yín kò bá tó èyí, ẹ má yáwó. Ẹ ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì náà lónìí, ẹ máa fi ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé àti àwọn géèmù àtijọ́, kí ẹ sì ra káàdì nígbà tí owó bá dé. Ohun tó dára nínú ọ̀nà yìí ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan la lè rà á. Bí ẹ bá sì rí ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà tó ní Ryzen 5 5600G nínú, ẹ yà wò ó. Processor yẹn, tó jáde ní 2021, ní ọwọ́ abófẹ̀gẹ́ tirẹ̀ nínú, ó lè gbé àwọn géèmù fẹ́ẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ láìsí káàdì, bí ẹ bá ti fún un ní RAM méjì.

Àbájáde ìdánwò Màmá

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn àlàyé mi, àǹtí mi pè mí. Wọ́n ní: "Màmá ní o fẹ́ kọ́kọ́ lọ wo ẹni tó ń pín oúnjẹ, lẹ́yìn náà wàá wá àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ tí oúnjẹ ẹ̀ á tó. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Wọ́n ní, "Ó dáa. Lọ rà á. Àmọ́ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lo máa kọ́kọ́ fi ṣe o."

Mo sì fi ṣe é. Ohùn ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ka-èdè kan ni mo ń ṣiṣẹ́ lé lórí, Praat sì ni mo fi ń wọn ìró náà, ètò ọ̀fẹ́ tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Yunifásítì Amsterdam. Kí n sọ òótọ́, Praat kò nílò káàdì àwòrán rárá. RAM àti SSD ni èrè rẹ̀ fi hàn níbẹ̀: fáìlì ohùn oníwákàtí méjì tó máa ń dá ògbólógbòó kọ̀ǹpútà mi dúró ń ṣí wẹ́rẹ́ báyìí.

Káàdì ayédèrú yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ra káàdì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìdajì owó, mo máa ń fà á yọ, mo á fi ihò VGA ẹ̀yìn rẹ̀ hàn án, mo á sì ní kó lọ ṣàlàyé ohun tó fẹ́ rà fún màmá rẹ̀ ná.